Wẹ́ẹ́bù Tàbí Dátà: Ibo Ni Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Dorí Kọ?

 

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó pè mí ní kí n wá dáhùn. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì fẹ́ kọ́ ọ, ṣé iṣẹ́ wẹ́ẹ́bù ni kó kọ́ ni, tàbí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà? Mi ò ní fi èsì mi pamọ́ dé ìparí. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, akọ̀wé owó, àgbẹ̀, tíṣà tàbí oníṣòwò, ìdí dátà ni kó lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tí kò tíì mọ iṣẹ́ kankan dé ìdí, kó ti orí wẹ́ẹ́bù bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo wá là yé yín, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbá ọ̀rọ̀ owó kúrò lójú ọ̀nà, nítorí mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń mówó wọlé jù?" Owó wà nínú méjèèjì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí nínú ọ̀kankan fún ẹni tó kàn mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní ìlú Èkó ní 2015. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun ti rà á, iye tí ìròyìn gbé jáde sì lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ bàbá sọ fún ọmọ wọn pé kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìtàn kejì kò tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2014, wọ́n dá Andela sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwíà, kí wọ́n lè máa bá ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Andela dá àwọn olùbẹ̀rẹ̀ tó lé ní 400 dúró tàbí kéde pé iṣẹ́ wọn wà nínú ewu, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn oníbàárà wọn ń fẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, wọn ò fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń ronú, kò tíì jáde nígbà náà. Oṣù Kọkànlá 2022 ló jáde. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ tó ń ronú ló ba ọjà olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́, ẹ sọ fún un pé ọjà náà ti le ṣáájú kí ẹ̀rọ náà tó dé.

Ẹni tó bá fi owó oṣù yan iṣẹ́, owó oṣù ẹni tó ti lo ọdún mẹ́jọ nídìí rẹ̀ ló fi ń yan. Ọdún kìíní àti ìkejì ló yẹ kó wò: irú ìyà wo ló wà níbẹ̀, ṣé òun lè jẹ ẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyà oníwẹ́ẹ́bù. Wẹ́ẹ́bù kò tíì pẹ́ láyé. Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, ló kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀ ní 1989. Ìṣòro tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ju pé àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn kò bára mu, ìwé tí ẹnì kan kọ kò sì rọrùn fún ẹlòmíràn láti rí. Ní 1991, ojú òpó àkọ́kọ́ di ohun tí ará ìta lè ṣí. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo ìmọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpinnu yẹn ló fà á tí ọmọ kan ní Ìṣẹ́yìn fi lè ṣí fáìlì òfìfo lónìí, kó kọ HTML sínú rẹ̀, kí bùráúsà sì ṣí i fún un láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ni olùbẹ̀rẹ̀ yóò kọ́. HTML ń sọ ohun tó wà lójú ìwé: àkọlé nìyí, àwòrán nìyí, bọ́tìnnì nìyí. CSS ń sọ bí wọn yóò ṣe rí, àwọ̀ wọn, ìwọ̀n wọn, ibi tí wọn yóò dúró sí. JavaScript ló ń mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Brendan Eich ló kọ JavaScript ní ilé iṣẹ́ Netscape ní 1995, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ mọ̀ pé kánjúkánjú yẹn ṣì hàn lára rẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn mẹ́ta yìí ni apá tí aráyé kò rí: ibi tí orúkọ àti owó oníbàárà ń lọ lẹ́yìn tó bá ti tẹ bọ́tìnnì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, bí wọn kò ṣe ní jẹ́ kí olè wọlé. Àwọn kan ń ṣe iwájú, àwọn kan ń ṣe ẹ̀yìn, àwọn kan ń ṣe méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé àṣìṣe rẹ̀ ń pariwo. Bí o bá gbàgbé àmì kan nínú JavaScript, ojú ìwé lè funfun báláú, bùráúsà á sì sọ ìlà tí àṣìṣe wà fún ọ. Bí bọ́tìnnì kò bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré, oníbàárà á pè ọ́, bí kò bá sì pè ọ́, á bú ọ lórí WhatsApp. Ìtìjú wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ kan tó kú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èsì ìdánwò jáde, tí àwọn òbí jókòó ti fóònù di òru. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó kú. Oníwẹ́ẹ́bù tó jókòó sí Yábàá pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tó yára máa ń gbàgbé ẹni tó wà ní Ṣakí, tó ń fi fóònù ọlọ́dún márùn-ún ṣí ojú ìwé tí wọ́n kó àwòrán ràgàjì-ràgàjì sí. Fóònù ẹni yẹn ló yẹ kí o fi dán iṣẹ́ rẹ wò, kì í ṣe tìrẹ.

Ẹni tí kò lè gba ìbáwí ní gbangba yóò jìyà nídìí wẹ́ẹ́bù. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn gan-an ni olùkọ́. Olùbẹ̀rẹ̀ tí kò ní ọ̀gá, tí kò lówó ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára.

Dátà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtúpalẹ̀ dátà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò tó gbòde nígbà náà ni pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Dókítà John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba orúkọ àwọn tó kú àti ojúlé wọn, ó sì ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń lo pọ́ǹpù omi kan ní Broad Street. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìtàn yìí kì í ṣe àwọn púpọ̀ yẹn, àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ ni. Ilé ìpọntí kan wà ní òpópónà yẹn gan-an, àrùn náà kò sì pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí ló dé? Ọtí ibẹ̀ ni wọ́n ń mu, ilé iṣẹ́ náà sì ní kànga tirẹ̀. Obìnrin opó kan wà ní Hampstead, tó jìnnà sí Soho, àrùn náà pa á. Kí ló dé? Ó fẹ́ràn adùn omi Broad Street, wọ́n sì máa ń gbé e lọ fún un nílé. Ohun méjì tí kò bá ìyókù mu yìí fún ọ̀rọ̀ Snow lágbára ju gbogbo àwọn tó bára mu lọ. Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà.

Iṣẹ́ onídátà nìyẹn títí dòní. Kì í ṣe àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ẹ ń rí lórí ìpolówó. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ìfura. Irinṣẹ́ kò ju mẹ́rin lọ fún olùbẹ̀rẹ̀. Excel ni àkọ́kọ́. SQL ni ìkejì, èdè tí wọ́n fi ń bi àká dátà ní ìbéèrè. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ló kọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ IBM láàárín àwọn ọdún 1970, kò sì tíì sí ohun tó rọ́ ọ sẹ́yìn. Power BI tàbí Tableau ni wọ́n fi ń ya àwòrán fún ọ̀gá tí kò ní àyè láti ka nọ́ńbà. Python ló kẹ́yìn, fún ìgbà tó bá rẹ Excel. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fífọ dátà mọ́: ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sí àpótí orúkọ, owó tí wọ́n fi lẹ́tà kọ, ọmọ ọdún 200, ìlà kan náà tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń ya fídíò fún apá yẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà. Public Health England, àjọ ìlera níbẹ̀, ń gba èsì àyẹ̀wò láti àwọn ilé àyẹ̀wò, wọ́n ń kó o sínú fáìlì Excel kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá ẹni tó ti bá aláìsàn pàdé. Irú fáìlì tí wọ́n lò ni ti àtijọ́, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ti ìsìnyí ń gba ìlà 1,048,576. Nígbà tí fáìlì náà kún, àwọn ìlà tó kù kàn jábọ́ ni. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, èsì 15,841 àwọn tó ní àrùn náà kò sí nínú iye tí wọ́n kéde. Wọ́n sọ fún àwọn aláìsàn fúnra wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wọn jẹun, tó bá wọn wọkọ̀, kò gbọ́ lásìkò.

Ẹ kíyè sí i pé ojú ìwé kankan kò funfun. Iná pupa kankan kò tàn. Nọ́ńbà jáde lójoojúmọ́, ó sì dà bí nọ́ńbà tòótọ́. Àṣìṣe dátà máa ń dákẹ́. Ẹni tó lè gbọ́ ohun tó dákẹ́ ni ẹni tó ti mọ bí ohun náà ṣe yẹ kó rí. Nọ́ọ̀sì tó bá rí 73 níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ìgbóná ara, kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti yí 37 po. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá rí i pé owó ìfipamọ́ oṣù Kejìlá ga ju ti oṣù Kẹwàá lọ, á kọ́kọ́ fura, torí ó mọ̀ pé oṣù ọdún ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń kówó jáde. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó mọ Power BI dáadáa tí kò mọ iṣẹ́ kankan, àwòrán rẹ̀ á dára, irọ́ á sì wà nínú rẹ̀, òun gan-an kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín in bí mo ṣe pín in.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ dátà kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí yóò fi han ẹni tó lè gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sórí Kaggle, ojú òpó àwọn onídátà, wọ́n á mú dátà àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi Titanic, èyí tí gbogbo ayé ti tú palẹ̀ títí ó fi rẹ gbogbo ènìyàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn òkú yẹn sinmi. Bí ìyá rẹ bá ń tajà ní Bódìjà, máa kọ iye gààrí àti ẹ̀wà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí o fi wé iye tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ń gbé jáde nínú ìròyìn iye oúnjẹ rẹ̀. Kíá lo máa rí ìṣòro. NBS ń fi kílò sọ̀rọ̀, kóńgò ni ọjà fi ń wọ̀n. Kóńgò ọ̀dọ̀ ìyá yìí kì í ṣe kóńgò ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, torí àwọn kan ti gún ìdí tiwọn wọnú. Gààrí tí wọ́n bù ní pẹrẹsẹ kì í ṣe èyí tó ga ní góńgó lórí. Ta ló mọ gbogbo èyí? Ọmọ ọlọ́jà ni. Kọ́ọ̀sì kankan kò ní i nínú. Ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, tó ṣàlàyé bó ṣe wọn kóńgò mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n kó tó dá a padà sí kílò, èmi á bá a sọ̀rọ̀ níṣẹ́jú kan náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí o. Bí o bá lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ti ilé ìwòsàn láti fi kọ́ṣẹ́, yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò kí o tó gbé e jáde síta, kí o sì gba àṣẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Iṣẹ́ oníwẹ́ẹ́bù rọrùn ju ti onídátà lọ láti fi hàn. GitHub Pages á gbé ojú ìwé rẹ sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, o kàn máa fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ ni, ẹni tó gbà á á fi fóònù ṣí i. Ṣùgbọ́n má ṣe ojú ìwé nípa ara rẹ nìkan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ohun tí o fẹ́ràn. Ṣe é fún télọ̀ àdúgbò, kí àwọn oníbàárà lè rí aṣọ, kí wọ́n sì rí iye rẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín nípa WordPress, tó ti wà láti 2003, tó sì ń gbé ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 àwọn ojú òpó ayé ró. Ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwé tó fẹ́ ojú òpó, WordPress ni wọ́n máa ń lò, kò sì gba kóòdù púpọ̀. Owó kékeré olùbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ẹ má sì rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó láti fi kọ́ HTML àti CSS. Fáìlì wọn kéré, bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, bùráúsà á ṣì ṣí wọn. Power BI Desktop ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀. Google Sheets wà fún ẹni tí kò lè ra Excel. Àwọn kan ń fi fóònù kọ́ iṣẹ́ méjèèjì. Mo yìn wọ́n, àmọ́ kò lè gbé wọn jìnnà.

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni mo ń pín ẹran ọ̀kan ṣoṣo sí? Wọ́n tọ̀nà díẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí oníwẹ́ẹ́bù ṣe ni dátà ti ń wá. Ẹ wo YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde. Lójú ẹni tó ń kà á, ojú òpó ni. Lójú ẹni tó wo inú rẹ̀, àkójọ orúkọ ni, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti ìpín wọn. Ìṣòro kan sì wà tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an, tí iṣẹ́ méjèèjì jọ pín. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, ní nọ́ńbà kan fún ọ, ó ní nọ́ńbà kan fún ẹ. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Méjì ni a ń so pọ̀. Ẹnì kan lè kọ ọ kó tó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn lè kọ ó kó tó fi àmì sí ìdí rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀mù báǹkì kan á sọ fún Ọláṣubọ̀mí pé orúkọ rẹ̀ kò tọ́, torí ẹni tó kọ kóòdù náà rò pé A sí Z nìkan ni lẹ́tà wà. Nínú àká dátà, Sade, Shade àti Ṣadé tí wọ́n kọ lọ́nà méjì á di ènìyàn mẹ́rin, ìjọba á sì kà wọ́n ní mẹ́rin. JavaScript ní irinṣẹ́ tó ń jẹ́ normalize, Python náà ní tirẹ̀. Wọ́n lè sọ àwọn Ṣadé méjì yẹn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Sade ńkọ́? Ìmọ̀ èdè ló máa yanjú ìyẹn, àti sùúrù. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èdè rẹ̀, tó sì mọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un tí ọmọ Íńdíà tàbí ti Amẹ́ríkà kò lè bá a dù.

Nítorí pé wọ́n pàdé, àwọn kan á ní àwọn á kọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mo sì ti rí púpọ̀ nínú wọn: HTML ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Excel ọ̀sẹ̀ méjì, Python ọjọ́ mẹ́rin, ìwé ẹ̀rí mọ́kànlá, kò sí iṣẹ́ kan tí wọ́n parí. Gbá ọ̀kan mú fún ọdún kan gbáko. Afárá tó wà láàárín wọn ni SQL, torí oníwẹ́ẹ́bù tó ń ṣe ẹ̀yìn kò lè yẹra fún un, onídátà kò sì lè ṣe kó máà ní in. Bí o bá dé orí SQL, tó o rí i pé ìbéèrè ni ọkàn rẹ fẹ́ ju bọ́tìnnì lọ, ìgbà yẹn lo lè yí. Ohun tí o ti kọ́ kò ní ṣòfò.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń ronú, ó ń kọ kóòdù wẹ́ẹ́bù, ó ń kọ SQL, kò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n bó bá kọ wẹ́ẹ́bù fún ọ tí kò dára, wàá tẹ bọ́tìnnì, wàá rí i. Bó bá ṣírò iye fún ọ tí kò tọ́, yóò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, gírámà rẹ̀ á sì gún régé. Èyí tún ń tì mí lẹ́yìn ni: ẹni tí kò mọ ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láti dá ṣírò.

Ibi tí òfin mi ti yẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Mo mọ obìnrin apòògùn kan tó ní gbogbo ìmọ̀ tí onídátà ń wá, àmọ́ tí inú rẹ̀ kì í dùn àfi kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan dìde. Wẹ́ẹ́bù ló ń ṣe lónìí, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún kan náà wà tí kò lè gba nọ́ńbà kankan gbọ́ láìwá ìdí rẹ̀, tó ń bá àwọn olùsọ ìròyìn bọ́ọ̀lù jiyàn lórí iye góòlù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lọ sídìí dátà, kó sì wá iṣẹ́ kan tí yóò mọ̀ dé ìdí. Bọ́ọ̀lù gan-an tó o. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá Yúróòpù ń sanwó fún onídátà.

Ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Mínísítà Bosun Tijani, bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023, wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni àwọn fẹ́ kọ́. Ìtúpalẹ̀ dátà àti ìkọ́ sọ́fítíwíà wà lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kó ti mọ èyí tó fẹ́ kó tó jókòó ti fọ́ọ̀mù, kó má sì yan èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ kẹ́yìn sí. Àwọn kan ń polówó kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta tí owó rẹ̀ tó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ń ṣèlérí iṣẹ́ òkè òkun. Ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má yá owó èlé nítorí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ freeCodeCamp ọ̀fẹ́ ni, ti MDN ọ̀fẹ́ ni, ìwé àlàyé Power BI tí Microsoft kọ fúnra wọn ọ̀fẹ́ ni. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ fi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ní 8GB RAM, tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n dání lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó tì í fún ọdún kan kí ẹ tó bi í léèrè owó.